Àsọtẹ́lẹ̀ Ní 10, Etíkun Ní 25: Àlàyé Lórí Afẹ́fẹ́ Etíkun

Ọkọ̀ kékeré méjì gbéra láàárọ̀ ọjọ́ kan náà. Àsọtẹ́lẹ̀ ojú ọjọ́ kan náà ni wọ́n kà: afẹ́fẹ́ láti àríwá, nọ́ọ̀tì 10. Ọ̀kan gba abẹ́ òkè gíga kan kọjá, afẹ́fẹ́ kú mọ́ ọn lórí, ìgbòkun rẹ̀ rọ jọ̀wọ̀lọ̀. Èkejì lọ yí po ibi tí ilẹ̀ ti yọ imú sínú òkun, kò ju kìlómítà mélòó kan lọ sí ibi tí ti àkọ́kọ́ wà, 25 ló bá pàdé níbẹ̀, omi ń ta wọnú ọkọ̀. Bí wọ́n bá gúnlẹ̀ tán, àwọn méjèèjì á ní irọ́ ni àwọn tó ń sọ àsọtẹ́lẹ̀ ń pa. Irọ́ kọ́ o. Bí afẹ́fẹ́ ṣe rí lórí agbami ni wọ́n sọ. Ohun tí ilẹ̀ máa fi ojú afẹ́fẹ́ náà rí kó tó dé ọ̀dọ̀ ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan ni wọn kò sọ.

Gbogbo ọ̀rọ̀ afẹ́fẹ́ etíkun kò ju ìyẹn lọ. Ilẹ̀ máa ń dá afẹ́fẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀, ó sì máa ń tún èyí tó bá wá bá a ṣe: á fún un, á tẹ̀ ẹ́, á dí i lọ́nà, á tì í láti orí òkè wá sísàlẹ̀. Àwọn apẹja, àwọn ọlọ́kọ̀ kékeré àtàwọn tó ń fi omi ṣeré kì í sì í jìnnà sí ilẹ̀, bẹ́ẹ̀ ibi tí wọ́n ń ná gan-an ni àsọtẹ́lẹ̀ ti máa ń tàsé jù.

Ohun kékeré méjì wà tó máa ń da èèyàn láàmú, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú wọn kúrò lọ́nà. Ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń bọ̀ la fi ń pè é. Afẹ́fẹ́ àríwá, àríwá ló ti ń bọ̀, gúúsù ló ń lọ. Ìṣàn omi ní tirẹ̀, ibi tó ń lọ la fi ń pè é. Nítorí náà, tí ẹ bá gbọ́ pé afẹ́fẹ́ àríwá wà níta, ìṣàn àríwá náà sì wà, ńṣe ni wọ́n ń forí gbárí. Èkejì ni nọ́ọ̀tì. Nọ́ọ̀tì 1 jẹ́ máìlì òkun kan ní wákàtí kan, ìyẹn kìlómítà 1.852. Ṣùgbọ́n agbára tí afẹ́fẹ́ fi ń ti nǹkan máa ń sáré ju nọ́ńbà yẹn lọ. Bó bá kúrò ní 10 tó di 20, agbára rẹ̀ ti di ìlọ́po 4. Bó bá di 30, ó ti di ìlọ́po 9. Ẹni tó ń rẹ́rìn-ín ní nọ́ọ̀tì 12 lè máa ké gbàjarè ní 24.

Afẹ́fẹ́ ọ̀sán àti afẹ́fẹ́ òru

Èyí tó wọ́pọ̀ jù lọ ni afẹ́fẹ́ tó máa ń ti òkun wọ ilẹ̀ lọ́sàn-án. Ẹni tó bá fi ẹsẹ̀ lásán rin etíkun ní ọ̀sán gangan ti mọ ìdí rẹ̀ kó tó gbọ́ àlàyé kankan: yanrìn ń jó àtẹ́lẹsẹ̀, omi tí kò ju ìṣísẹ̀ mẹ́wàá lọ sí i ṣì tutù. Oòrùn kan náà ló ràn sórí méjèèjì. Ṣùgbọ́n omi máa ń gba ooru púpọ̀ kó tó gbóná díẹ̀, ìtànṣán oòrùn ń wọ inú rẹ̀ lọ, ìgbì sì ń po omi òkè mọ́ ti ìsàlẹ̀. Ilẹ̀ kò ní irú ẹ̀ṣọ́ yẹn. Òkè rẹ̀ nìkan ló ń gbóná, kíá ló sì ń gbóná. Afẹ́fẹ́ orí ilẹ̀ á gbóná, á fúyẹ́, á gòkè. Èyí tó tutù lójú òkun á wá gba àyè rẹ̀. Lókè lọ́hùn-ún, èyí tó gòkè á padà sí apá òkun, á rọra sọ̀ kalẹ̀, á tún wọlé. Bó ṣe ń yí po títí oòrùn á fi rẹlẹ̀ nìyẹn.

Láàárọ̀, omi lè pa rọ́rọ́, tàbí kí afẹ́fẹ́ fẹ́lẹ́ kan máa ti ilẹ̀ bọ̀. Tó bá ń di aago mẹ́wàá sí méjìlá, afẹ́fẹ́ fẹ́lẹ́ yẹn á dáwọ́ dúró. Gbogbo nǹkan á dákẹ́. Ẹ wo òréré nígbà náà: ìlà dúdú tín-ín-rín kan á hàn lójú omi, ibi tí ojú omi ti ń rún wẹ́wẹ́, á sì máa bọ̀. Bó bá dé etí ilẹ̀, àsíá tó so kọ́ á gbọ̀n lẹ́ẹ̀kan, á dákẹ́, á tún gbọ̀n, lẹ́yìn náà á nà gbọọrọ sí apá ilẹ̀, kò sì ní sọ̀ mọ́ títí ìrọ̀lẹ́. Lókè, àwọsánmà funfun á ti máa gbá jọ sórí ilẹ̀ ní ìlà kan tó tẹ̀ lé etíkun, nígbà tí ojú ọ̀run orí òkun á mọ́ gaara. Ìlà àwọsánmà yẹn wà lára àmì tó dájú jù tí ojú lásán lè rí.

Nọ́ọ̀tì 10 sí 15 ni afẹ́fẹ́ ọ̀sán yìí máa ń jẹ́ ní ọ̀pọ̀ ibi, ṣùgbọ́n níbi tí ilẹ̀ ti gbẹ tó sì gbóná gan-an, ó lè kọjá 20. Ní ìwọ̀-oòrùn Ọsirélíà, lágbègbè Perth, afẹ́fẹ́ yìí lágbára débi pé wọ́n fún un ní orúkọ, Fremantle Doctor, nítorí bó ṣe ń wá fi ìtura fún àwọn tí ooru ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa.

Afẹ́fẹ́ yìí kì í dúró sójú kan. Nítorí pé ayé ń yí, ńṣe ló máa ń ṣí díẹ̀díẹ̀ bí ọjọ́ ṣe ń lọ: ní ìdajì ayé tó wà ní àríwá, ó ń ṣí sí ọwọ́ ọ̀tún ibi tó dorí kọ, ní gúúsù, ó ń ṣí sí òsì. Èyí tó ń ti òkun bọ̀ tààrà ní ọ̀sán lè ti máa fẹ́ gba etí ilẹ̀ kọjá ní aago márùn-ún. Ẹni tó bá fi afẹ́fẹ́ ẹ̀gbẹ́ jáde, tó sì rò pé afẹ́fẹ́ ẹ̀gbẹ́ náà lòun á fi wálé, lè rí i pé iwájú gan-an ló ti ń gbá òun.

Ohun kan wà níbí tó máa ń ṣi ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́nà. Tí afẹ́fẹ́ díẹ̀ bá ń ti ilẹ̀ lọ sókun láàárọ̀, wọ́n á ní afẹ́fẹ́ òkun kò ní wọlé lónìí. Òdì kejì ló sábà máa ń ṣẹlẹ̀. Afẹ́fẹ́ ilẹ̀ tí kò le jù ń bá èyí tó gòkè náà padà sí apá òkun, ìyípo yẹn á sì tètè múlẹ̀. Èyí tó le, bíi nọ́ọ̀tì 25, ló ń pa á run pátápátá. Tó bá sì jẹ́ pé láti òkun ni afẹ́fẹ́ gbogbo agbègbè náà ti ń bọ̀ tẹ́lẹ̀, kò sí ìlà dúdú kankan tí ẹ máa rí. Ńṣe ni 12 àárọ̀ á rọra di 20 lọ́sàn-án, ẹ ò sì ní mọ ìgbà tó ṣẹlẹ̀.

Lóru, ọ̀rọ̀ á yí padà. Ilẹ̀ máa ń tètè tutù, afẹ́fẹ́ á wá máa ti ilẹ̀ lọ sókun. Kì í sábà tó nọ́ọ̀tì 10, kété kí ilẹ̀ tó mọ́ ló sì máa ń lágbára jù. Ní ọ̀pọ̀ ibi láyé, orí méjèèjì yìí ni àwọn apẹja onígbòkun gbé iṣẹ́ wọn kà: wọ́n á bá afẹ́fẹ́ ilẹ̀ jáde lófẹ̀ẹ̀rẹ̀, wọ́n á bá afẹ́fẹ́ òkun wálé lọ́sàn-án. Kò sí epo tí wọ́n rà.

Èyí tó ń fẹ́ sí wa lẹ́yìn ọrùn

Nínú gbogbo afẹ́fẹ́ etíkun, afẹ́fẹ́ tó ń ti ilẹ̀ lọ sókun lọ́sàn-án lèmi bẹ̀rù jù, nítorí kò jọ ohun tó yẹ ká bẹ̀rù. Ẹ dúró létí omi, ẹ kọjú sókun. Bí afẹ́fẹ́ bá ń kan yín lẹ́yìn ọrùn, omi iwájú yín á tẹ́ pẹrẹsẹ. Ìgbì kò sí. Ọmọdé á ní òun fẹ́ wọ̀ ọ́. Ìdí tí omi fi tẹ́ bẹ́ẹ̀ ni pé ìgbì nílò ọ̀nà gígùn kó tó dàgbà, afẹ́fẹ́ náà kò sì tíì rìn lójú omi tó mítà àádọ́ta. Igi, ilé àti òkè tó wà lẹ́yìn yín sì ń dáàbò bò yín. Ẹ jáde tó mítà ọgọ́rùn-ún mélòó kan, ààbò yẹn tán. Ẹ tó kìlómítà méjì, ìgbì ti bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ funfun, ọ̀nà ilé sì ti di ọ̀nà tí ẹ máa bá afẹ́fẹ́ jà kẹ́ ẹ tó rìn ín.

Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀. Ọkọ̀ rọ́bà tí wọ́n fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú rẹ̀, irú èyí tí wọ́n ń tà létí omi, fúyẹ́ ju ewé lọ. Ká ní afẹ́fẹ́ ń gbé e lọ ní nọ́ọ̀tì 2 péré. Láàárín ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ó ti lọ tó máìlì òkun kan, kìlómítà méjì dín díẹ̀. Kò sí ọ̀pọ̀ òmùwẹ̀ tó lè wẹ irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ padà, pàápàá tí ìgbì bá ń gbá wọn lójú. Ìdí nìyẹn tí àwọn tó ń gba ẹ̀mí là lójú omi fi ń tẹnu mọ́ ọn pé ẹni tí afẹ́fẹ́ bá gbé lọ kò gbọ́dọ̀ fi ọkọ̀ tàbí pákó rẹ̀ sílẹ̀ láti lúwẹ̀ẹ́. Ohun tó léfòó yẹn ló ń gbé e ró, òun náà sì ni àwọn tó ń wá a máa kọ́kọ́ rí.

Afẹ́fẹ́ tó ń ti òkun bọ̀ yàtọ̀. Ó ń pariwo, ó ń gbé ìgbì sọ lu yanrìn, ojú rẹ̀ kò dáa, ṣùgbọ́n ẹni tó wà lórí pákó, ilé ló ń gbé e bọ̀. Fún ọkọ̀ ńlá tàbí ọkọ̀ onígbòkun, òun gan-an ni ọ̀tá: bí ẹ́ńjìnnì bá kú, orí àpáta ni afẹ́fẹ́ ń tì í lọ, àyè tó ní láti fi ro ohun tó máa ṣe kò sì pọ̀. Àwọn ọ̀gá ọkọ̀ àtijọ́ fẹ́ràn kí ìjì bá wọn lórí agbami ju kó bá wọn nítòsí irú etíkun bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ọlọ́kọ̀ kékeré àti ọ̀gá ọkọ̀ ńlá fi lè wo afẹ́fẹ́ kan ṣoṣo kí ìmọ̀ràn wọn má bára mu.

Ohun tí òkè àti àfonífojì ń ṣe

Ẹ fi àtàǹpàkò dí ẹnu rọ́bà tí a fi ń bomi rin ọgbà díẹ̀, ẹ ó rí bí omi ṣe máa ta jáde. Bí afẹ́fẹ́ ṣe ń ṣe nìyẹn nígbà tó bá ní láti gba àárín òkè méjì kọjá. Ní gúúsù Mexico, afẹ́fẹ́ tútù máa ń kóra jọ sí apá Gulf of Mexico, kò rí ọ̀nà mìíràn ju àlàfo kan láàárín àwọn òkè ní Tehuantepec. Ibẹ̀ ló máa ń gbà tú jáde sórí Òkun Pàsífíìkì pẹ̀lú agbára ìjì, atukọ̀ tó wà ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún kìlómítà sí ilẹ̀ á sì tún mọ̀ ọ́n lára. Ní gúúsù Faransé, àfonífojì odò Rhône ló ń fún afẹ́fẹ́ tí wọ́n ń pè ní Mistral ní agbára, ó gba àárín àwọn òkè Alps àti Massif Central wọ Gulf of Lion. Ẹ̀tàn Mistral ni pé ojú ọ̀run máa ń mọ́ gaara nígbà tó bá ń fẹ́. Oòrùn á ràn, ojú ọ̀run á dà bí aró, òkun á sì máa hó lábẹ́ rẹ̀. Ọ̀nà omi Gibraltar, láàárín Sípéènì àti Mòrókò, náà ń ṣe bẹ́ẹ̀: 15 níta lè di 30 níbi tó ti há jù, bóyá láti ìlà-oòrùn tí wọ́n ń pè ní Levanter, tàbí láti ìwọ̀-oòrùn. Tí Levanter bá ń fẹ́, àwọsánmà á so mọ́ orí àpáta Gibraltar, á nà sí apá ìwọ̀-oòrùn. Awakọ̀ tó mojú omi ibẹ̀ kò nílò fóònù láti mọ̀ ọ́n.

Ibi tí ilẹ̀ ti yọ imú sínú òkun ní irú tirẹ̀. Afẹ́fẹ́ máa ń sáré yí i po, omi náà sì máa ń sáré níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ awakọ̀ máa ń gé e mọ́lẹ̀ kí ọ̀nà lè yá. Ẹ gbà mí gbọ́, ẹ jáde síta díẹ̀ sí i kẹ́ ẹ tó yí po. Epo díẹ̀ tó máa lọ sí i kò tó nǹkan.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń kó sí wàhálà ni ẹ̀yìn òkè. Èèyàn á rò pé bí afẹ́fẹ́ bá le, kóun sá sẹ́yìn erékùṣù gíga. Ní òkun Aegean ní ilẹ̀ Gíríìsì, afẹ́fẹ́ àríwá kan wà tó ń fẹ́ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, Meltemi ni wọ́n ń pè é. Ọ̀pọ̀ àlejò ló máa ń sá lọ sí apá gúúsù erékùṣù, wọ́n á sì rí i pé ibẹ̀ gan-an ni ẹ̀fúùfù òjijì ti ń já bọ́ láti orí òkè, tó ń le ju èyí tí wọ́n sá fún lọ, tí kò sì ní ojú kan tó ń gbà wá. Erékùṣù pẹrẹsẹ ló ń dáàbò boni. Èyí tó ga gogoro lè ṣe é, ó sì lè má ṣe é.

Òmíràn tún wà tí ojú kò rí rárá, tí mo sì rò pé ó yẹ kí gbogbo awakọ̀ mọ̀. Ká ní afẹ́fẹ́ ń fẹ́ gba etíkun lọ, ní ìdajì ayé ti àríwá, tí ẹ sì kẹ̀yìn sí i. Tí ilẹ̀ bá wà ní ọwọ́ ọ̀tún yín, afẹ́fẹ́ orí ilẹ̀ tó ti lọ́ra tó sì ti ṣẹ́ sósì á wá kún ti òkun, á sì le sí i láàárín kìlómítà mélòó kan sí etí ilẹ̀. Tí ilẹ̀ bá wà lósì, àwọn méjèèjì á pínyà, ẹ̀bá ilẹ̀ á sì rọlẹ̀. Ní gúúsù ayé, ẹ pa á dà.

Afẹ́fẹ́ tó ń ṣubú láti òkè ló burú jù. Afẹ́fẹ́ tútù wúwo. Tó bá kóra jọ sórí yìnyín tàbí orí òkè gíga, á ṣàn wálẹ̀. Ní Cape Denison ní Antarctica, níbi tí olùṣàwárí Douglas Mawson àti àwọn ẹmẹ̀wà rẹ̀ kọ́ ilé sí ní 1912, afẹ́fẹ́ irú yìí kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ sinmi. Ní òkun Adriatic, Bora ni wọ́n ń pè é: ó ń já bọ́ láti orí àwọn òkè Croatia sórí omi, ẹ̀fúùfù rẹ̀ á gbọn ojú òkun lébùú títí omi á fi dà bí èéfín. Ìgbì kì í ṣáájú rẹ̀ wá kìlọ̀. Àmì tí àwọn ará ibẹ̀ mọ̀ ni àwọsánmà tó bo téńté òkè Velebit bí fìlà. Ọyẹ́ tó ń gbé eruku Sàhárà wá sórí Àtìláńtíìkì ní tirẹ̀ kì í sábà le tó bẹ́ẹ̀. Ìdènà ìríran ni ewu rẹ̀, nítorí ọkọ̀ lè sún mọ́ra láìrí ara wọn.

Afẹ́fẹ́ àti ìṣàn tó ń kọlu ara wọn

Nọ́ọ̀tì 15 láàárọ̀ lè jẹ́ ìgbádùn lẹ́nu odò tó wọ òkun. Lẹ́yìn bíi wákàtí mẹ́fà, afẹ́fẹ́ kò yí padà, nọ́ńbà rẹ̀ kò yí padà, ṣùgbọ́n ìgbì ti dúró gàgàrà, wọ́n sún mọ́ra, wọ́n ń fọ́ lórí ara wọn. Omi ló yí padà. Láàárọ̀, òkun ń kún wọ odò, òun àti afẹ́fẹ́ òkun jọ ń lọ. Nísinsìnyí omi ń fà jáde, ó ń pàdé afẹ́fẹ́ lójú. Ní ìwọ̀n ńlá, ohun kan náà ló ń ṣẹlẹ̀ ní ìlà-oòrùn etíkun South Africa, níbi tí ìṣàn Agulhas ti ń lọ sí gúúsù-ìwọ̀-oòrùn: bí afẹ́fẹ́ líle bá ti apá ibẹ̀ wá pàdé rẹ̀, ìgbì tó ń jáde ti ba ọkọ̀ ńláńlá jẹ́. Ẹ wo ìgbà tí omi ń kún àti ìgbà tó ń fà kẹ́ ẹ tó wo afẹ́fẹ́.

Bí a ṣe ń ka nọ́ńbà orí fóònù

Nọ́ńbà tí àsọtẹ́lẹ̀ ń sọ jẹ́ àpapọ̀ tí wọ́n pín dọ́gba, ó sábà jẹ́ ti ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ní mítà 10 lókè omi. Ẹ̀fúùfù òjijì lè fi ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún ju ìyẹn lọ, nítorí náà 20 lè gbá yín ní 28. Gíga ìgbì tí wọ́n ń sọ náà kì í ṣe ti èyí tó ga jù. Ìdá kan nínú mẹ́ta àwọn ìgbì, ìyẹn àwọn tó ga jù, ni wọ́n fi ṣírò àròpín rẹ̀, ẹyọ kan sì lè ga ní ìlọ́po méjì.

Ọ̀pọ̀ áàpù sì ń gba nọ́ńbà wọn lọ́wọ́ kọ̀ǹpútà tó pín gbogbo ayé sí igun igun. Igun kọ̀ọ̀kan nínú GFS, ètò kọ̀ǹpútà tí Amẹ́ríkà fi ń sọ àsọtẹ́lẹ̀ ojú ọjọ́, tó nǹkan bíi kìlómítà 13 ní ẹ̀gbẹ́ kan. Ilẹ̀ tó yọ imú ní kìlómítà méjì kò sí nínú irú àwòrán bẹ́ẹ̀ rárá, àfonífojì kékeré náà kò sí. Ẹ wá àsọtẹ́lẹ̀ etíkun tí iléeṣẹ́ ojú ọjọ́ orílẹ̀-èdè ibẹ̀ fúnra rẹ̀ ṣe, ẹ fi ohun tí ẹ̀rọ tó wà ní èbúté ń kà lọ́wọ́lọ́wọ́ wé e, kẹ́ ẹ sì bi àwọn apẹja. Ìbéèrè tó wúlò kì í ṣe "Ṣé afẹ́fẹ́ wà lónìí?" Ẹ bi wọ́n pé, "Tó bá ń ti àríwá fẹ́, ibo lẹ kì í lọ?"

Tí ẹ bá ti wà lójú omi, ojú yín tó. Òṣìṣẹ́ ọkọ̀ ogun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan, Francis Beaufort, ló to afẹ́fẹ́ láti 0 dé 12 ní 1805, òṣùwọ̀n náà ṣì ń ṣiṣẹ́. Tí orí ìgbì bá ń fọ́ funfun níbì kọ̀ọ̀kan, nọ́ọ̀tì 7 sí 10 nìyẹn. Tó bá funfun níbi púpọ̀, 11 sí 16. Tí ìfófòó funfun bá gba gbogbo ojú omi, tí omi sì ń ta sókè, ẹ ti wà ní nọ́ọ̀tì 22 sí 27, ó sì ti yẹ kí ọkọ̀ kékeré ti wálé tipẹ́.

Ọ̀rọ̀ ìdákọ̀ró ló kù. Ẹni tó fẹ́ sùn sínú ọkọ̀ sábà máa ń wo afẹ́fẹ́ ìrọ̀lẹ́ nìkan kó tó ju ìdákọ̀ró sómi. Èbúté Avalon ní erékùṣù Santa Catalina ní California jẹ́ ibi ìsádi dáadáa sí afẹ́fẹ́ ìwọ̀-oòrùn tó wọ́pọ̀ níbẹ̀, ṣùgbọ́n ńṣe ló kọjú sí Santa Ana, afẹ́fẹ́ gbígbẹ tó ń ti aginjù bọ̀ sókun. Ọjọ́ tí Santa Ana bá fẹ́, ibi ìsádi ti di ibi tí ìgbì ti ń gbé ọkọ̀ sọ lu etí ilẹ̀. Nítorí náà, kẹ́ ẹ tó dá ọkọ̀ ró, ẹ rò ó wò: níbo ni afẹ́fẹ́ máa ti wá ní aago mẹ́rin òru, níbo ló máa ti wá ní aago méjì ọ̀sán ọ̀la, ṣé àyè sì wà kí ọkọ̀ yí po okùn rẹ̀ láì fi ìdí gbá àpáta? Tí àyè kò bá sí, ẹ wá ibòmíràn nígbà tí ilẹ̀ kò tíì ṣú.